Bátìn irun àgùntàn: ohun tó ti wà nínú kúìlìtì mi láti ọdún mẹ́fà

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kúìlìtì mi kan (aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí a rán pọ̀, tí èmi ń ṣe fún ara ògiri) ti ìrìn àjò dé. Oṣù mọ́kànlá ló lò níta, gálẹ́rì mẹ́ta, ìyẹn ilé ìpàtẹ iṣẹ́ ọnà, ló sì gbé e kọ́. Nígbà tó ń lọ, mo ká a bí ẹní sára páìpù páálí gígùn, mo sì kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣẹ́ ẹ po. Inú páálí kékeré ló bá padà. Wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po sí mẹ́rin, wọ́n sì fún un mọ́ inú páálí náà débi pé ẹ̀gbẹ́ páálí wú. Àyà mi já. Mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, mo gbé áyọ́ọ̀nù lékè rẹ̀ kí ooru omi rẹ̀ máa fẹ́ sí i láìjẹ́ kí irin kàn án, mo sì lọ sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi àtẹ́lẹwọ́ wá ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ. N kò rí i mọ́.

Nítorí ohun tó wà nínú kúìlìtì yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Bátìn irun àgùntàn ni. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ bátìn, òun ni ohun fúlẹ́fúlẹ́ tí à ń tẹ́ sáàárín aṣọ òkè àti aṣọ ẹ̀yìn kí á tó rán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Àwọn tó wá wo ìpàtẹ máa ń rí àwọ̀, wọ́n máa ń rí ipa abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń rí bátìn. Bẹ́ẹ̀, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju òje lọ.

Bátìn kọ́tìn, èyí tí wọ́n fi òwú oko ṣe, ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Kúìlìtì kejì tí mo fi ránṣẹ́ sí ìpàtẹ nígbà ayé mi, bátìn kọ́tìn ló wà nínú rẹ̀. Odò ni mo fi aṣọ yà sí i, oríṣi búlúù mọ́kàndínlógún tí mo fọwọ́ ara mi rẹ. Wọ́n ṣẹ́ ẹ po lójú ọ̀nà, ọjọ́ kejì tó dé ni wọ́n sì gbé e kọ́. Ìlà méjì dábùú ara wọn láàárín odò mi bí àgbélébùú. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ náà, ìyá àgbàlagbà kan dúró síwájú rẹ̀ pẹ́, ó wá yíjú sí mi, ó ní, "Ọmọ mi, kí ni àgbélébùú yìí túmọ̀ sí?" Mo ní, "Ẹ má bínú, mà, ibi tí wọ́n ti ṣẹ́ ẹ po ni." Oṣù mẹ́rin ni mo fi ṣe odò yẹn. Mo sunkún nígbà tí mo délé.

Ẹ̀gbọ́n mi kan nínú iṣẹ́ yìí, obìnrin tó ti ń rán kúìlìtì kí n tó mọ abẹ́rẹ́ mú, ló pè mí jókòó. Ó ní, "Àbúrò, orí àwọ̀ ni gbogbo làálàá rẹ wà. Èyí tí o tẹ́ sínú ńkọ́?" Ó gé bátìn irun àgùntàn fún mi, kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Ó ní kí n fún un mọ́wọ́, kí n ka ení títí dé ogójì, kí n wá la ọwọ́. Mo la ọwọ́. Ó ń gbéra díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń jí lójú oorun, títí ó fi tẹ́ gbalaja bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ó gé kọ́tìn fún mi, mo ṣe é bákan náà. Kọ́tìn dúró bí mo ṣe fún un.

Bí Ọlọ́run ṣe dá irun àgùntàn nìyẹn. Fọ́nrán rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló lọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti ìpilẹ̀ wá, bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ṣe ló máa ń fẹ́ padà sí bó ṣe lọ́. Ooru omi tún ń ràn án lọ́wọ́. Bátìn pọ́líẹ́sítà, èyí tí wọ́n fi fọ́nrán àtọwọ́dá ṣe, náà máa ń dìde, ó sì fúyẹ́, ṣùgbọ́n mo lò ó lẹ́ẹ̀kan lábẹ́ aṣọ dúdú, fọ́nrán funfun wẹ́wẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojú aṣọ yọ bí irùngbọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù. Áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù sì lè yọ́ ọ. N kò padà sídìí rẹ̀ mọ́.

Abẹ́ abẹ́rẹ́ gan-an ni mo ti fẹ́ràn irun àgùntàn jù. Mo máa ń sọ eyín ẹ̀rọ ìránṣọ kalẹ̀ kó má baà fa aṣọ mọ́, kí ó jẹ́ ọwọ́ mi ni yóò máa darí aṣọ, bí ìgbà tí kálàmù dúró sójú kan tí bébà ń rìn lábẹ́ rẹ̀. Ibi tí òwú bá gbà á rì, ibi tí òwú kò bá dé á wú sókè. Lóṣù kejì ọdún yìí, mo rán ewé kan sórí aṣọ funfun báláú, òwú funfun ni mo sì lò. Ìlà àárín rẹ̀ àti iṣan méje ni mo rán, mo fi àlàfo àárín àwọn iṣan náà sílẹ̀, lẹ́yìn náà mo wá rán gbogbo àyíká ewé náà pẹ́tẹpẹ̀tẹ, ìlà kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì bí ojú ọkà ìrẹsì. Mo pa iná òkè, mo tan tẹ̀gbẹ́. Òjìji bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan kọ̀ọ̀kan, ewé náà sì dà bí èyí tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí lára. Kò sí àwọ̀ kankan níbẹ̀ o. Irun àgùntàn àti iná ló ṣe é.

Èyí ṣe pàtàkì nítorí pé fọ́tò ni ọ̀pọ̀ ìpàtẹ fi ń yan iṣẹ́ lọ́wọ́ wa: fọ́tò kan tó mú gbogbo rẹ̀ láti etí dé etí, àti òmíràn tó sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Èyí tó sún mọ́ ọn yẹn ni bátìn ti ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí mo ti yí padà, ọwọ́ mi gan-an ló ń hàn nínú fọ́tò mi, kì í ṣe àwọ̀ aṣọ nìkan.

Ìrìn àjò ló sì gba iṣẹ́ wa lọ́wọ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún 1971 ni Whitney Museum, ilé àkójọ iṣẹ́ ọnà kan ní New York, gbé kúìlìtì kọ́ sára ògiri bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán kọ́. Ní 1979, ìpàtẹ kúìlìtì tí wọ́n ń pè ní Quilt National bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Athens, ìpínlẹ̀ Ohio ní Amẹ́ríkà, nínú ilé tí wọ́n ti ń sin màlúù oníwàrà tẹ́lẹ̀, ọdún méjì méjì ni wọ́n sì ń ṣe é. Ní 1989, wọ́n dá SAQA (Studio Art Quilt Associates), ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi kúìlìtì ṣe iṣẹ́ ọnà, sílẹ̀, àwọn náà ń gbé ìpàtẹ kúìlìtì láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn. Ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wá sí mi lọ́kàn jù ni Faith Ringgold. Ayàwòrán ni, ó sì kúrò lórí kánfáàsì tí wọ́n kàn mọ́ férémù, ó bọ́ sórí aṣọ tó ṣeé ká, nítorí aṣọ yẹn lè lọ síbikíbi láìdúró de ẹni tó máa gbé e. Ní 1980, òun àti ìyá rẹ̀, Willi Posey, tó jẹ́ aránṣọ, jọ ṣe kúìlìtì rẹ̀ àkọ́kọ́, Echoes of Harlem. Mo máa ń rántí ìyá àtọmọ yẹn nígbàkúùgbà tí mo bá ń ká iṣẹ́ mi sínú àpótí. Iṣẹ́ tó máa rìn jìnnà gbọ́dọ̀ lágbára nínú.

Ó ní àléébù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rà á. Irun àgùntàn máa ń wú. Kúìlìtì ńlá àkọ́kọ́ tí mo fi ṣe, mítà kan àti ààbọ̀ níbùú lóròó, àárín rẹ̀ ni mo rán pọ̀ jù, mo fi etí rẹ̀ sílẹ̀ gbàgìgbàgì. Nígbà tí wọ́n gbé e kọ́, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń fì bí etí síkẹ́ẹ̀tì. Ohun tó tàn mí jẹ ni ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀rá rẹ̀, pé mo lè fi àlàfo tó fẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìlà méjì. Òótọ́ ni wọ́n kọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tí bátìn kò fi ní já nínú ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ìwọ̀n tí kúìlìtì á fi dúró gbọnrangandan lára ògiri. Ní báyìí, n kì í jẹ́ kí àlàfo kọjá sẹ̀ǹtímítà méjì, àfi ibi tí mo bá fẹ́ kó wú. Mo sì máa ń rán etí bí mo ṣe rán àárín.

Bí mo bá rán an tán, mo máa ń fi omi tútù rin ín, màá tẹ́ ẹ sílẹ̀, màá fi abẹ́rẹ́ olórí kàn án yíká, màá wá fi téèpù wọ̀n ọ́n láti igun òkè sí igun ìsàlẹ̀ òdìkejì, lọ́nà méjèèjì. Bí nọ́ńbà méjèèjì kò bá dọ́gba, mo máa fà á títí wọ́n á fi dọ́gba. Abẹ́ fáànù ló máa sùn mọ́jú. Kọ́tìn kò yọ mí lẹ́nu tó báyìí rí, ṣùgbọ́n èyí tí irun àgùntàn bá gbẹ lé lórí, ó dúró síbẹ̀. Ẹ gé aṣọ yín tóbi díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́ kó rí lọ, nítorí ìránpọ̀ yóò fà á wọlé.

Kòkòrò ajẹṣọ fẹ́ràn rẹ̀. Èyí tí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rà máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan nínú fírísà, nínú ọ̀rá tí atẹ́gùn kò lè wọ̀. Èyí tó bá ti ìta dé náà, bákan náà ni. Ẹ má fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, ẹ má sì bọ̀ ọ́ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ tó ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, yóò sún kì. Bí kúìlìtì yín bá jẹ́ ti orí bẹ́ẹ̀dì ọmọdé tí ẹ ó máa fọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kọ́tìn ni kí ẹ rà, ẹ gbàgbé èmi.

Lórí rírà: ẹ tẹ́ ẹ ká sójú fèrèsé. Bí ibì kan bá ṣókùnkùn tí ibì kan sì ń tàn yọ, kò dọ́gba, ẹ dá a padà. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú, ó máa ń pọ́n díẹ̀ bí wàrà, ó sì lè hàn lábẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Fún iṣẹ́ mi tó tóbi jù, mo máa ń tẹ́ kọ́tìn sísàlẹ̀, màá tẹ́ irun àgùntàn lé e. Kọ́tìn á jẹ́ kó nà tọ́ọ́rọ́, irun àgùntàn á gbé ipa abẹ́rẹ́ sókè. Ó wúwo, àpò tí à ń rán sẹ́yìn rẹ̀ kí ọ̀pá tí a fi ń gbé e kọ́ lè gba inú rẹ̀ kọjá sì gbọ́dọ̀ lágbára. Tèmi fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ń rán etí rẹ̀.

Bí ẹ bá ń ṣe iṣẹ́ tó máa kúrò nílé, ẹ rà á. Odò mi tó ní àgbélébùú ṣì wà nínú àpótí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò fi í sí ìpàtẹ mọ́. Èyí tó dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ń jáde lọ́la, gálẹ́rì mìíràn ti béèrè rẹ̀. Mo ti ká a bí ẹní, ojú rẹ̀ síta kó má baà rún, mo fi aṣọ funfun wé e. Mo sì tún kọ ọ́ gàdàgbà sára àpótí pé kí wọ́n má ṣe ṣẹ́ ẹ po.