Kíláàsì Ìtàn Ilẹ̀ Éṣíà Kan ní Bódìjà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn orílẹ̀-èdè Éṣíà ṣe di ohun tí wọ́n dà lóde òní, ṣùgbọ́n tí kò ráyè wọ yunifásítì, mo gbà á nímọ̀ràn pé kó lọ sí kíláàsì ọjọ́ Sátidé tí bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ń ṣe ní Bódìjà, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Owó tí wọ́n ń gbà kò ju agbára òṣìṣẹ́ lọ. Ọ̀nà tí bàbá ń gbà kọ́ni ló mú mi kọ èyí, nítorí wọn kì í to ọdún lé ọdún fún ènìyàn láti há sórí. Ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń wá.

Bọ́mà, tí wọ́n ń pè ní Myanmar báyìí, ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn bàbá wa àgbà ti jagun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Wọ́n tẹ́ máàpù ńlá sórí tábìlì, wọ́n fi ìka tọ ipa odò Kaladan, wọ́n sì ṣàlàyé pé àfonífojì yẹn ni ẹ̀ka ọmọ ogun 81 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà gbà ní 1944, tí àwọn aláàárù ń fi orí ru ẹrù ogun nínú igbó tí ọkọ̀ kò lè wọ̀. Ìgbà náà ni ìbéèrè dé: kí ni Jàpáànù wá dé Bọ́mà? Ìdáhùn rẹ̀ gbé wa lọ sí ogun tí Jàpáànù gbé wọ Ṣáínà ní 1937, sí ọ̀nà tí ohun ìjà ń gbà láti Bọ́mà dé Ṣáínà, sí epo rọ̀bì tí Amẹ́ríkà kò tà fún Jàpáànù mọ́ ní 1941, títí a fi padà dé 1868, nígbà tí ìjọba ọba Meiji dé orí oyè ní Jàpáànù tó sì pinnu láti ní ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ àti ọmọ ogun bíi ti òyìnbó, kí òyìnbó má baà gba ilẹ̀ wọn.

Ibi tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara jù ni ẹ̀kọ́ lórí Hong Kong. Nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni Ṣáínà ti fọwọ́ sí àdéhùn tó gba erékùṣù náà lọ́wọ́ wọn ní 1842. Ìhàlẹ̀ ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì bákan náà ni Ọba Dòsùmú fi yọ̀ǹda Èkó ní 1861. Bàbá ka ọ̀rọ̀ àdéhùn méjèèjì sí wa létí, wọ́n sì jẹ́ kí a fi wọ́n wé ara wọn fúnra wa. Ti Íńdíà náà kò gbẹ́yìn: Cyril Radcliffe, agbẹjọ́rò Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò dé ibẹ̀ rí, ni wọ́n fún ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún péré ní 1947 láti la ààlà tó pín Íńdíà àti Pakistan gba agbègbè Punjab àti Bengal kọjá, ọjọ́ kejì òmìnira Íńdíà sì ti kọjá kí wọ́n tó kéde ààlà náà.

Àléébù kíláàsì yìí kò kéré. Wàràwàrà ni wọ́n kọ́ wa ní ti Kòríà àti Vietnam, ó sì dùn mí, torí pé gbogbo ìgbà la máa ń gbọ́ pé Gúúsù Kòríà ti sáré ṣáájú wa, síbẹ̀ wọn kò ṣàlàyé bí ìjọba ibẹ̀ ṣe pín ilẹ̀ oko fún àwọn àgbẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1949, èyí tí mo gbà pé ó ṣe kókó. Ìwé tí wọ́n ń pín fún wa náà ti ṣá. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò dá ṣáṣá kò ní rí orúkọ ìlú orí máàpù kà. Bí bàbá bá lè ya Sátidé méjì sọ́tọ̀ fún Kòríà nìkan, máa tún forúkọ sílẹ̀, máa sì mú àbúrò mi dání.