Ojú lọ̀rọ̀ wà: áàpù kan, ìrísí mẹ́ta

Láti ọdún 2012 ni mo ti ń lo áàpù ìkọ̀wé kan lórí fóònù àti kọ̀ǹpútà mi, inú rẹ̀ ni mo sì ń kó gbogbo ohun tí mi ò fẹ́ gbàgbé sí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni àwọn tó ṣe é ti pa ìrísí rẹ̀ dà láti ìgbà náà, bí àṣà ṣe ń yí padà lọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá. Iṣẹ́ tó ń ṣe kò kúrò ní ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ojú rẹ̀ nìkan ló ń yí padà, ìdí nìyí tí mo fi lè sọ ohun tí ojú mi rí nínú ìrísí mẹ́ta tí àwọn èèyàn ń jiyàn lé lórí.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń pè ní skeuomorphism, ìyẹn ni pé kí ohun tó wà lójú fóònù máa fara wé ohun tí a ń fọwọ́ kàn nílé. Bẹ́ẹ̀ ni iPhone náà rí nígbà tí iOS 6, ètò tó ń darí fóònù náà, wà lóde: ìwé onílà aláwọ̀ ìyeyè ni Notes, áàpù ìkọ̀wé rẹ̀, aṣọ aláwọ̀ ewé bíi ti orí tábìlì ayò ni wọ́n sì tẹ́ sínú Game Center, áàpù eré rẹ̀. Áàpù tèmi ní awọ létí, ojú òwú tí wọ́n fi rán an sì hàn ketekete. Àwọn tó ń bú ìrísí yìí máa ń béèrè pé kí ni awọ ń wá nínú gíláàsì, mo sì gbà pẹ̀lú wọn, nítorí awọ yẹn gba àyè ìlà méjì mọ́ mi lọ́wọ́ lórí fóònù kékeré. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì rẹ̀ wú sókè díẹ̀, òjìji wà lábẹ́ rẹ̀, bí mo bá sì tẹ̀ ẹ́, á rì wọlé. Kò sẹ́ni tó kọ́ ìyá mi. Wọ́n wò ó, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni ìrísí pẹlẹbẹ dé. Microsoft ti gbé e jáde lórí Windows Phone ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n iOS 7 ti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ló sọ ọ́ di àṣà gbogbo ayé. Awọ lọ, òjìji lọ, ààlà tó yí bọ́tìnnì ká náà sì bá wọn lọ. Mi ò ní purọ́, ó mú ojú kọ̀ǹpútà mi mọ́ tónítóní, àkọsílẹ̀ mi sì gba gbogbo àyè tí awọ ń jẹ tẹ́lẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni pé "Pa rẹ́" àti "Fi pamọ́" di ọ̀rọ̀ aláwọ̀ búlúù lásán tó fara kanra, àkọlé tó wà lókè wọn sì jẹ́ búlúù bákan náà. Lọ́jọ́ kan, mo fọwọ́ kan ohun tí mo pè ní àkọlé, mo fẹ́ tún un kọ ni o, ni àkọsílẹ̀ ìpàdé wákàtí méjì bá pòórá. Áàpù náà kò tilẹ̀ bi mí bóyá ó dá mi lójú. Lọ́sẹ̀ kan náà ni ìyá mi pè mí.

"Màámi, ẹ tẹ ibi tí wọ́n kọ 'Fi pamọ́' sí."

"Mo rí ọ̀rọ̀ náà, ọmọ mi. Mi ò rí bọ́tìnnì."

Mi ò rí èsì fọ̀. Kì í sì í ṣe àwa nìkan: nígbà tí iOS 7.1 jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2014, wọ́n fi "Button Shapes" sínú Settings, kí ẹni tó bá fẹ́ lè rí àmì ibi tó yẹ kó tẹ̀. Windows 8 náà mú bọ́tìnnì Start kúrò ní ọdún 2012, Windows 8.1 sì dá a padà lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Material Design, ìlànà ìrísí tí Google gbé jáde ní ọdún 2014, ló rìn láàárín méjèèjì, nítorí ó jẹ́ kí àwọ̀ wà ní pẹlẹbẹ, síbẹ̀ ó dá òjìji padà láti fi ohun tó wà lókè hàn yàtọ̀ sí ohun tó wà nísàlẹ̀. Òun ló bá mi lára mu jù.

Ní báyìí, gíláàsì ló kù, ìyẹn ìrísí tó ń jẹ́ kí ohun tó wà lẹ́yìn máa hàn. Windows Vista ti ṣe gíláàsì tirẹ̀, Aero, láti ọdún 2007, ṣùgbọ́n etí fèrèsé ló pọ̀ sí jù. Liquid Glass tí Apple fi hàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2025 gbé e dé orí bọ́tìnnì fúnra rẹ̀, áàpù mi sì tẹ̀ lé e. Bí mo bá ń yí àkọsílẹ̀ lọ sókè, ọ̀rọ̀ á máa kọjá lábẹ́ bọ́tìnnì bí ẹja lábẹ́ omi. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n nígbà tí fọ́tò aláwọ̀ funfun bá dé abẹ́ rẹ̀, lẹ́tà funfun orí bọ́tìnnì á rá. Ìlànà WCAG, tó wà kí ojú-ìwé ayélujára lè rọrùn fún gbogbo èèyàn láti lò, títí kan àwọn tí ojú wọn kò ríran dáadáa, ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàárín lẹ́tà kékeré àti ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ pa èyí mọ́ nígbà tí ohun tó wà lẹ́yìn kò dúró lójú kan? Ẹni tó bá rẹ̀ lè lo "Reduce Transparency" lórí iPhone, ohun tó wà lẹ́yìn gíláàsì náà kò sì ní hàn tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Àbúrò mi sọ pé gíláàsì yìí jẹ́ kí fóònù dà bí ohun tó ń mí. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ya ojú áàpù sọ pé ìrísí pẹlẹbẹ ló dára jù, torí pé gbogbo ayé ti mọ ohun tí wọ́n ń tẹ̀, kò sí ìdí tí òjìji á tún fi máa kọ́ wọn. Mo ní kó wá jókòó ti ìyá mi fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn tó ṣe áàpù náà. Mi ò ní kí wọ́n dá awọ padà. Mo ní kí wọ́n fi ìlà yí "Pa rẹ́" ká, kí wọ́n sì gbé e jìnnà sí "Fi pamọ́", nítorí gíláàsì kan náà ló ṣì gbé àwọn méjèèjì. Títí wọn yóò fi ṣe é, orí kọ̀ǹpútà nìkan ni mo ti ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́, torí níbẹ̀, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan yí bọ́tìnnì náà ká.