pristine-tar: ó ṣeé fọkàn tán fún gz, ẹ ṣọ́ ọ tó bá di xz

Ẹni tó bá ń di package fún Debian, ètò Linux ọ̀fẹ́, mọ òfin yìí: tí .orig.tar.gz kan (tarball, ìyẹn kóòdù orísun tí a dì pọ̀ sínú fáìlì kan) bá ti wọlé sí ibi ìpamọ́ Debian, báìtì kan kò gbọdọ̀ yí padà nínú rẹ̀ mọ́. Fáìlì inú rẹ̀ lè má yàtọ̀ rárá o. Àmọ́ tar, tó ń di fáìlì pọ̀, máa ń kọ ẹni tó ni fáìlì àti àkókò rẹ̀ sílẹ̀, gzip, tó ń fún un kéré, náà sì ní àkókò tirẹ̀ tó ń kọ sí iwájú. Ẹ tún tarball náà dì lónìí, SHA256 rẹ̀ (àmì tí a fi ń dá fáìlì mọ̀) kò ní bá ti inú .dsc (fáìlì tó ṣàpèjúwe package náà) mu, wọ́n á sì dá upload yín padà.

Ohun tí pristine-tar, tí Joey Hess kọ́kọ́ kọ, wà fún nìyẹn. Kì í kó odindi tarball sínú git, irinṣẹ́ tó ń tọ́jú kóòdù àti àyípadà rẹ̀. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín tarball àti ohun tí git ti ní ló ń tọ́jú sínú .delta, pẹ̀lú .id tó ń tọ́ka sí igi git tó bá a lọ. Orí branch (ẹ̀ka git) tó ń jẹ́ pristine-tar ni méjèèjì wà. Ọ̀fẹ́ ni, apt, irinṣẹ́ tí Debian fi ń gba package, ló máa gbé e wá.

pristine-tar commit ../hello_2.12.orig.tar.gz upstream/2.12
pristine-tar checkout ../hello_2.12.orig.tar.gz

Commit ló ń tọ́jú ìyàtọ̀ náà; checkout ló ń tún tarball náà ṣe jáde, kò sì nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Fún àwọn tó ń fi dátà fóònù ṣiṣẹ́ ní South Gate FUTA, ní Àkúrẹ́ níbí, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré: ẹnì kan á dáńlóòdù, àwọn yòókù á gbà á lórí flash. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé `git clone` lásán, tó ń ṣe ẹ̀dà àkójọ git, ni wọ́n fi gbé e sórí flash. Branch pristine-tar á kàn wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí origin/pristine-tar, ẹni tó bá tún clone láti orí flash kò sì ní rí i. `git clone --mirror` ni kí ẹ lò. Ẹ má fi `--depth 1`, tó ń mú commit tó kẹ́yìn nìkan wá, sí i, igi tí .id ń wá lè má tẹ̀lé e.

Kìlóbáìtì díẹ̀ ni .delta sábà máa ń jẹ́. Tó bá ti wọ mẹ́gábáìtì, ẹ dúró ná: ó ní láti jẹ́ pé nǹkan wà nínú tarball tí kò sí nínú git, configure, script tó ń múra kóòdù sílẹ̀ fún kíkọ́, ló sì sábà máa ń jẹ́. Tí .gitattributes bá ní export-subst tàbí export-ignore (àṣẹ tó ń mú kí git yí fáìlì padà tàbí kó fò ó nígbà tó bá ń kó o jáde), ẹ kọ́kọ́ ṣe `gbp setup-gitattributes` (gbp ni git-buildpackage).

Ní ti gz, kò sí wàhálà, torí pristine-tar gbé kóòdù gzip tirẹ̀ dání. Xz tó wà lórí kọ̀ǹpútà yín ló ń lò fún .xz, nítorí náà ẹ̀yà xz tuntun lè sọ tarball náà di òmíràn. Ẹ máa fi sha256sum wò ó lẹ́yìn checkout, ní gbogbo ìgbà.

Pristine-tar kò sì mọ rere yàtọ̀ sí burúkú. Ní 2024, fáìlì m4 olóró (irú fáìlì tí a fi ń kọ́ configure) wà nínú tarball xz 5.6.0 àti 5.6.1 tí kò sí nínú git. Pristine-tar á pa irú rẹ̀ mọ́ fínnífínní.

Tí checkout bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ lo `apt-get source --download-only hello`, tí ìlà deb-src (tó ń jẹ́ kí apt rí kóòdù orísun) bá ti wà nínú fáìlì sources apt yín. Yóò jẹ dátà, ṣùgbọ́n ojúlówó lẹ máa rí gbà.