Dáyámọ́ńdì tó tóbi lójú, tí apá wa sì ká: ẹ jẹ́ ká fi wọ́n wéra

Àbúrò mi ọkùnrin fẹ́ ra òrùka tó máa fi bẹ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé kó fẹ́ òun, ó sì ní kí n bá òun lọ sí Hatton Garden ní London, níbi tí ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta òrùka ti tò lọ rẹrẹ. Nínú ṣọ́ọ̀bù kejì tá a wọ̀, wọ́n gbé òkúta méjì sórí aṣọ dúdú fún wa. Róbótó ni méjèèjì, ìwé ẹ̀rí méjèèjì sì sọ pé kárátì 1.00 ni wọ́n. Àbúrò mi ò tíì wo ìwé rárá tó fi nawọ́ sí ọ̀kan: “Ẹ̀gbọ́n, èyí mà tóbi ju èkejì lọ.” Mo yẹ ìwé wò. Èyí tó nawọ́ sí fẹ̀ tó mìlímítà 6.5. Èkejì ò ju 6.1 lọ. Iye owó wọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba.

Ìwọ̀n ni kárátì, kì í ṣe fífẹ̀. Kárátì kan jẹ́ gíráàmù 0.2. (Kárátì tá à ń pè mọ́ góòlù, bíi góòlù kárátì 18, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn, ìyẹn ń sọ bí ojúlówó góòlù ṣe pọ̀ tó nínú rẹ̀.) Orí ìwọ̀n ni wọ́n ti ń díye lé òkúta, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa bọ́ òrùka yín sórí òṣùwọ̀n lóde ìnáwó. Òkè òkúta lojú ń rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ yín pé, tí wọ́n bá ti dárúkọ kárátì fún yín, kẹ́ ẹ béèrè mìlímítà.

Ibi tí ìwọ̀n ń sá pa mọ́ sí

Òkúta tí wọ́n ti gé, ó ní òkè, ó ní ìbàdí, ó sì ní ìsàlẹ̀ tó rí ṣóńṣó. Èyí tó fẹ̀ tó 6.1 yẹn jìn jù nísàlẹ̀, ìbàdí rẹ̀ sì nípọn. Ká ní wọ́n gé e bó ṣe yẹ, òkúta tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ò yẹ kó wọ̀n ju bíi kárátì 0.85 lọ. Ìyókù wà lábẹ́, níbi tí góòlù òrùka máa bò, ẹni tó rà á ló sì máa sanwó rẹ̀.

Kì í ṣe pé ọwọ́ ẹni tó gé e gbọ̀n. Iye owó kárátì kan máa ń fò sókè tí òkúta bá ti dé 0.50, 0.70, 1.00, 1.50. Nígbà tí òkúta bá fẹ́ já sí 0.93, tó sì jẹ́ pé téèyàn bá fi ẹran díẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀ á dé 1.00, ẹ ti mọ èyí tó máa ṣe. Fún àwa tí owó wa níye, òkúta tó wà láàárín 0.90 sí 0.95 tí wọ́n gé dáadáa ni ká wá. Ó máa ń fẹ̀ tó mìlímítà 6.2 sí 6.35. Lórí ìka, ojú lásán ò lè yà á sọ́tọ̀ sí 6.45 ti kárátì kan. Wọn ò pọ̀ lọ́jà, torí náà ẹ máa ní sùúrù.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà, òun ló sì máa ń tan àwa tá a fẹ́ òkúta ńlá jẹ jù. Wọ́n lè gé òkúta kó pẹlẹbẹ, kí kárátì kan fẹ̀ dé 6.8. Inú yín á dùn sí i nínú ìwé. Ẹ gbé e sọ́wọ́, ẹ ó rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó wọ inú rẹ̀ ń jò lọ láti ìsàlẹ̀ dípò kó padà sójú yín. Àárín rẹ̀ á ṣófo bíi gíláàsì fèrèsé, nígbà mìíràn ẹ ó rí òrùka eérú kan nínú rẹ̀ bí ojú ẹja. Láti 1919 ni Marcel Tolkowsky, tó wá láti ìdílé àwọn tó ń gé dáyámọ́ńdì, ti fi ìṣirò ṣàlàyé igun tó yẹ kí wọ́n gé òkúta róbótó sí kí ìmọ́lẹ̀ má bàa sá lọ. Òkúta tó ń tàn láti etí dé etí máa ń tóbi lójú ju òkúta tó fẹ̀ jù ú lọ tí etí rẹ̀ ṣókùnkùn. Fún róbótó, ẹ wá èyí tí jíjìn rẹ̀ wà láàárín ìdá 59 sí 62.5 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ rẹ̀, tí GIA, ilé iṣẹ́ tó ń yẹ òkúta wò tó sì ń fún un níwèé ẹ̀rí, kọ Excellent (máàkì tó ga jù) sí nídìí gígé. Tí ẹ bá máa dín owó kù, ẹ dín in kù níbi àwọ̀. Inú góòlù pupa tiwa yìí, òkúta tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ I tàbí J, ìyẹn lẹ́tà tí wọ́n fi ń sọ pé ó pupa díẹ̀, kò ní dójú tini.

Róbótó àti oval

Róbótó ló wọ́n jù nínú gbogbo ìrísí. Òun làwọn èèyàn ń béèrè jù, gígé rẹ̀ sì máa ń fi òkúta ṣòfò gan-an. Ó lè ju ìdajì òkúta tí wọn ò tíì gé lọ tó máa di lẹ́búlẹ́bú. Oval rí bí ẹyin tí wọ́n tẹ̀, kárátì kan rẹ̀ sì máa ń tó bíi mìlímítà 7.7 ní gígùn àti 5.7 ní ìbú. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ojú òkè wọn, díẹ̀ ni oval fi ju róbótó lọ. Àmọ́ ojú wa máa ń tẹ̀ lé gígùn. Ó ń na ìka, ìka kúkúrú á gùn, òkúta náà á sì dà bíi pé kárátì rẹ̀ pọ̀ ju bó ṣe jẹ́ lọ. Owó rẹ̀ sì máa ń rọjú ju ti róbótó lọ. Oval ni èmi máa mú.

Wàhálà oval wà láàárín rẹ̀. Òjìji dúdú kan máa ń dábùú ibẹ̀ tó dà bíi táì kékeré tí ọkọ ìyàwó ń wọ̀, èyí tó ní apá méjì bíi labalábá. Tó bá fúyẹ́, kò burú. Tó bá dúdú kirikiri, ńṣe ló máa pín òkúta sí méjì, gbogbo gígùn tẹ́ ẹ sanwó fún á sì ṣègbé. Láti 2006 ni GIA ti ń fún gígé róbótó ní máàkì, àmọ́ ìwé oval kì í sábà ní i, torí náà ojú yín ni máàkì. Ẹ gbé e kúrò lábẹ́ iná ṣọ́ọ̀bù, iná yẹn máa ń jẹ́ kí gbogbo òkúta tàn. Ẹ lọ síbi fèrèsé, kẹ́ ẹ yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún.

Àwọn ìrísí yòókù

Marquise, tó rí bí ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tó ṣóńṣó níwájú lẹ́yìn, ló tóbi lójú jù fún owó kékeré: kárátì kan lè gùn tó mìlímítà 10, kó sì fẹ̀ tó 5. Ṣóńṣó méjèèjì lè sán, torí náà góòlù gbọ́dọ̀ bò wọ́n. Pear, tó dà bí ẹ̀kán omi, wà láàárín òun àti oval. Àwọ̀ pupa rẹ̀ máa ń pọ̀ sí ṣóńṣó.

Emerald jẹ́ onígun mẹ́rin gígùn tí wọ́n gé igun rẹ̀ dànù, bíi mìlímítà 6.8 sí 4.9. Ó lẹ́wà gan-an ni, àmọ́ ojú rẹ̀ gbalaja bíi dígí, gbogbo àbùkù inú òkúta ló máa hàn. Owó tẹ́ ẹ rò pé ẹ rí níbi ìrísí máa padà lọ síbi wíwá òkúta tó mọ́. Princess, onígun mẹ́rin tó dọ́gba, kì í ju 5.5 sí 5.5 lọ, kò sì tóbi lójú àyàfi láti igun dé igun. Cushion, tó rí bí ìrọ̀rí, máa ń kó ìwọ̀n sísàlẹ̀. Tó bá jẹ́ pé títóbi lẹ̀ ń wá, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀.

Èyí tí wọ́n ṣe nílé iṣẹ́, dáyámọ́ńdì gidi lòun náà, owó rẹ̀ kéré jọjọ sí ti inú ilẹ̀, mìlímítà rẹ̀ kò sì yàtọ̀. Moissanite, òkúta mìíràn tó jọ ọ́, kì í ṣe dáyámọ́ńdì, ó sì fúyẹ́ jù ú lọ, torí náà tẹ́ni kan bá ń ka kárátì fún yín lórí rẹ̀, mìlímítà ṣáá ni kẹ́ ẹ béèrè.

Kẹ́ ẹ tó jáde nílé

Ẹ fi rúlà gé bébà funfun ní ìwọ̀n tí mo kọ wọ̀nyí, ẹ fi omi díẹ̀ lẹ̀ wọ́n mọ́ ìka. Àbúrò mi ṣe é lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ẹnu rẹ̀ ló fi sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbàgbé róbótó.” Oval 0.92 ló rà ní ìkẹyìn, lórí góòlù tí kò nípọn ju mìlímítà 1.8 lọ, pẹ̀lú èékánná góòlù mẹ́rin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di òkúta mú. Bí góòlù bá ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó lòkúta á ṣe tóbi tó, àmọ́ ẹ má ṣe jẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè tẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn òrí, ó máa ń fi para láàárọ̀. Oṣù méjì kò pé tí òkúta yẹn fi ṣú, tó sì kéré lójú. Ọ̀rá àti dáyámọ́ńdì kì í fi ara wọn sílẹ̀; láyé àtijọ́ ní Kimberley ní Gúúsù Áfíríkà, tábìlì tí wọ́n fi gírísì kùn làwọn awakùsà máa ń da òkúta àti omi lé, dáyámọ́ńdì á lẹ̀ mọ́ ọn, ìyókù á ṣàn lọ. Mo ní kó rẹ òrùka náà sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ, kó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ abẹ́ rẹ̀, kì í ṣe orí nìkan. Ó ṣe é nínú bàsíà, kó má bàa bọ́ sínú ihò omi, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú ariwo.