GlenDronach 12 àbí Aberlour A'bunadh?
Wisikí ni àwọn méjèèjì, Skọ́tlándì ni wọ́n ti wá, inú àgbá tí wáìnì sherry ti gbé rí ni wọ́n sì ti dàgbà, àmọ́ adùn wọn ò jọra rárá o. GlenDronach 12, 43% ni agbára ọtí inú ẹ̀, àgbá Pedro Ximénez àti Oloroso (oríṣi sherry méjì) ni wọ́n lò, ó ń dùn bíi rèsíìnì, kì í ta èèyàn lọ́fun. A'bunadh ńkọ́? Oloroso nìkan, wọn ò bomi là á kí wọ́n tó rọ ọ́ sígò, ó máa ń tó nǹkan bíi 60%, tó o bá kàn gbé e mì ó máa jó ẹ láhọ́n débi pé o ò ní mọ adùn kankan, torí náà kọ́kọ́ gbóòórùn ẹ̀ ná, kán omi sí i, ní sùúrù, ìgbà yẹn gan-an ni ọsàn, ṣokoléètì àti jínjà máa wá jáde, ó dùn gan-an! Èmi, A'bunadh ni mo mú, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kó gbé GlenDronach jàre.