Fáìlì wú dípò kó sunkì: àgbéyẹ̀wò ètò ìdáwó ẹgbẹ́ wa

Nọ́mbà fóònù ni wọ́n fi ṣe nọ́mbà ọmọ ẹgbẹ́. Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n kọ ètò yìí fún. Ẹni tó dáwó lónìí jẹ́ 1, ẹni tí kò dá jẹ́ 0. Òdo ló pọ̀ jù. Roaring, irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń fún irú àkójọ 1 àti 0 bẹ́ẹ̀ pọ̀ kí fáìlì lè kéré, ni wọ́n lò, mi ò sì bá wọn jà lórí ìyẹn. Ó máa ń pín nọ́mbà sí agbọ̀n-agbọ̀n, àyè 65,536 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Agbọ̀n tí èèyàn inú rẹ̀ kò ju 4,096 lọ, báìtì (ìwọ̀n àyè inú kọ̀ǹpútà) 2 ni ẹnì kan ń gbà. Tó bá jù bẹ́ẹ̀, gbogbo agbọ̀n di báìtì 8,192.

Ṣùgbọ́n nọ́mbà fóònù fọ́n káàkiri. Agbọ̀n tí ẹnì kan ṣoṣo wà nínú rẹ̀ ń jẹ báìtì 10 nínú fáìlì: 8 fún àkọlé, 2 fún nọ́mbà. Lọ́jọ́ tí èèyàn 3,000 dáwó, fáìlì lé ní báìtì 24,000. Ká ní a kàn to nọ́mbà oníbáìtì 4 sílẹ̀ lásán, 12,000 ni ì bá jẹ́! Èyí tó tún burú jù: bíìtì 32, ìyẹn báìtì 4, ni wọ́n fi ń gba nọ́mbà kọ̀ọ̀kan wọlé, kò sì lè gbà ju 4,294,967,295 lọ. Nọ́mbà fóònù bíi 08000000000 wọlé, 3705032704 ló jáde, ètò náà kò sì pariwo rárá.

Mo pe àwọn tó kọ ètò náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹni àkọ́kọ́ ní ká ra mẹ́mọ́rì kún un. Ẹni kejì ní, "Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn, sà." Ọmọbìnrin kan ló béèrè ohun tó yẹ: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni nọ́mbà ẹni àkọ́kọ́ nínú ìwé yín?"

Ó fún gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ní nọ́mbà tuntun láti 0 lọ, bí agbowó ṣe ń yí ká láti Tákìé dé Sábó, ó sì to nọ́mbà fóònù sínú tábìlì mìíràn. Agbọ̀n kan ṣoṣo ló wá gba gbogbo wọn, èèyàn 3,000 yẹn sì di báìtì 6,016. Ó tún rí i pé wọn kì í pe runOptimize, àṣẹ Roaring tó ń kó nọ́mbà tó tẹ̀léra pọ̀, kí wọ́n tó fi fáìlì pamọ́. Àṣẹ yẹn kì í dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ní báyìí, tí igba èèyàn bá dáwó léra wọn láìfo ẹnì kan, báìtì 4 ló ń gbé gbogbo wọn. Béèrè ẹni tó dá lánàá tí kò dá lónìí: kí n tó gbọ́wọ́ kúrò lórí Enter, orúkọ ti jáde. Inú mi dùn dé gongo.

Wọ́n gba owó àtúnṣe lọ́wọ́ wa fún àṣìṣe ọwọ́ ara wọn. Ó ṣì ń dùn mí.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5, ti ọmọbìnrin yẹn ni.