Dókítà ẹranko tó tọ́jú Àdùkẹ́ mi

Ọ̀kadà gbá ológbò mi l'Ókè-Fìà. Egbò jinná tán ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìrù ara rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí ẹní. Àwọn ará ilé ní àsàsí ni. Mo gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ẹranko kan lọ́nà Gbọ̀ngán. Wákàtí 2 ni mo fi jókòó, ìyẹn ò dáa rárá. Àmọ́ dókítà náà mọṣẹ́! Ó rọra ń fìka tẹ ìdí ìrù. Bó ṣe kan ibì kan, Àdùkẹ́ ké tòò. Ó ní iṣan ìmọ̀lára ló fara pa, ó lè máa ta á bí iná, òun ló ń bù jẹ. Wọ́n fi ike bí àrọ sí i lọ́rùn kí ẹnu rẹ̀ má baà dé ìrù, wọ́n fún un ní gabapentin, oògùn tó ń dín irú ìrora iṣan bẹ́ẹ̀ kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ológbò ní parasitamọ́ọ̀, májèlé ni! Irun ti ń hù padà níbi ìrù náà.